Ìgbà Wo Ni Iṣẹ́ Tó Parí? Ohun Tí Ọkọ̀ Tó Ń Yí Òṣùpá Ká Fi Yé Mi

Ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí wa ní kí n kọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ tó bá wù mí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti jẹ mọ́ ìṣèlú. Èyí tí mo mú wá kì í ṣe ìṣèlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fẹ́ jọ ọ́ ní ibì kan tàbí méjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ìgbà wo ni a lè sọ pé iṣẹ́ ti parí, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí gbogbo wa máa ń gbọ́ nínú rédíò, tí àwa náà sì ti sọ di tiwa: kọmíṣọ́n. Wọ́n á ní gómìnà lọ kọmíṣọ́n ọ̀nà, alága ìjọba ìbílẹ̀ lọ kọmíṣọ́n ọjà. Létí wa, ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún ni agbádá, rìbọ́ọ̀nù, àlùmọ́gàjí, onílù, àti ìrẹsì inú ike. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ẹnjiníà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, àkókò tí a fi ń da ìbéèrè bo ẹ̀rọ tuntun ni, kí a tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Wọ́n á tàn án díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe ń mí, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dán an wò, wọ́n á sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, ì báà dára, ì báà má dára. Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Tiwa, ayẹyẹ. Tiwọn, ìdánwò. Mo sì gbà pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Kí ohun tí mò ń sọ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n mú yín rin ìrìn àjò kan tó jìnnà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2009, àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé sátẹ́láìtì kan kúrò ní Cape Canaveral ní ìpínlẹ̀ Florida. Lunar Reconnaissance Orbiter ni orúkọ rẹ̀, LRO ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Róbọ́ọ̀tì ni, àwọn tó ń darí rẹ̀ jókòó sí Goddard, ní Greenbelt, ìpínlẹ̀ Maryland, wọ́n ń fi rédíò bá a sọ̀rọ̀. Ohun èlò méje ló gbé dání: kámẹ́rà wà níbẹ̀, èyí tó ń fi iná laser wọn gíga òkè àti jíjìn kòtò wà níbẹ̀, èyí tó ń wọn ooru àti òtútù wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń wá àmì omi. Owó tí wọ́n ná lé e lórí lé ní 500 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù náà, ó dé ọ̀dọ̀ òṣùpá. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú láti dín eré rẹ̀ kù, òṣùpá fà á mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká.

Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Aṣọ ẹbí á ti jáde. Ẹnì kan á ti gba oyè.

N kò sọ pé àwọn ẹni yẹn kò yọ̀ o. Ẹni tó bá fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ tó sì gúnlẹ̀, tí kò yọ̀, nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 84 gbáko, ìdánwò ni wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án yẹn ni wọ́n tó mú un sún sí ọ̀nà tí yóò ti ṣe iṣẹ́ gan-an, nǹkan bí 50 kìlómítà sí ojú ilẹ̀ òṣùpá.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé: òṣùpá yọ, ẹ ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó lọ tún un ṣe. Ẹni tó ń ṣàríwísí tí kò lè ràn wá lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti ọkọ̀ yìí, òwe náà di ọ̀rọ̀ gidi. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà. Bí nǹkan kan bá wọ́ níbẹ̀, kò sí ọwọ́ tó lè tó o. Kò sí mẹkáníìkì tí a lè fi ọ̀kadà lọ gbé wá láti ìkòríta. Nítorí náà, gbogbo òtítọ́ tí a bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, àárọ̀ ni a ní láti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é dùn mọ́ mi púpọ̀, ẹ ó fi sùúrù bá mi gbọ́ ọ. Wọn kò kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà sí ọ̀nà tóóró tó ti máa ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan tó rí bí ẹyin ni wọ́n fi í sí: ní ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá, á súnmọ́ ilẹ̀ tó nǹkan bí 30 kìlómítà, ní òdìkejì, á jìnnà tó nǹkan bí 200. Ìdí rẹ̀ ni pé òṣùpá kì í fa nǹkan mọ́ra bákan náà níbi gbogbo. Àwọn ibì kan wà tí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn wúwo ju ti ibòmíràn lọ. Ọkọ̀ tó bá ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀nà róbótó, òṣùpá á máa fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún, bí a kò bá sì ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóòrèkóòrè láti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, á já lulẹ̀. Ọ̀nà tó rí bí ẹyin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọ́jú ara rẹ̀. Epo díẹ̀ ló ń jẹ. Bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní mọ́tò wíwà ni: pápá ìṣeré ilé ìwé la máa ń gbé e lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe títì Èkó sí Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin tún wà ńbẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá ṣe nínú ayé yìí ló máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bí a bá gbé e dé òfúrufú tí kò sí afẹ́fẹ́, omi yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá lọ bà lé ojú kámẹ́rà tó tutù, kámẹ́rà á ríran bàìbàì. Bí a bá sì yára tan ohun èlò tó ń lo iná líle kí ọ̀rinrin tó tán, iná lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn kó sì jó o. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ooru yá irú àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí omi ilé lè gbẹ lára wọn kí wọ́n tó la ojú sí ilẹ̀ àjèjì. Ìgbà tí mo ka èyí, àwa tí a wà ní àjò ló sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn tó gbà wá sílé nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí wọ́n ní kí a má tíì yá ṣọ́ọ̀bù, kí a má tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀rẹ́, kí a kọ́kọ́ máa bá àwọn lọ sọ́jà kí a lè gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, a rò pé wọ́n ń fa ọwọ́ aago wa sẹ́yìn ni.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tan àwọn ohun èlò náà. Èyí tó ń wọn ooru, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó wo òfúrufú dúdú tí kò ní ooru kankan, wọ́n á tún jẹ́ kó wo ojú irin kan lára rẹ̀ tí wọ́n ti mọ bó ṣe gbóná tó, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Àwọn àwòrán àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà yà, wọ́n gbé wọn jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ti ilẹ̀ oníkòtò kan tí kò ní ẹwà kankan lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn náà, láàárín ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 15 oṣù yẹn, nígbà tí ìdánwò ṣì ń lọ lọ́wọ́, kámẹ́rà náà ya ibi márùn-ún nínú ibi mẹ́fà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti balẹ̀ sí lórí òṣùpá láàárín ọdún 1969 sí 1972. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òjìji rẹ̀ sì gùn lórí ilẹ̀. Ayé yọ̀ sí àwòrán yìí nítorí pé ó bọ́ sí àkókò tí ìbalẹ̀ àkọ́kọ́ pé 40 ọdún. Lójú tèmi, nǹkan mìíràn ló tún wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ bó ṣe tóbi tó. Kámẹ́rà tó bá rí ohun tí a mọ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n, a lè gbà á gbọ́ bó bá padà wá sọ ohun tí a kò mọ̀ fún wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwà ti wọlé rèé. Ẹ̀rọ tí a kò dán wò kì í dákẹ́. Ká ní ó máa ń dákẹ́ ni, wàhálà kò bá mọ níwọ̀n. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà mọ mudù tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà níhìn-ín, bí a ti ń lo kóńgò nílé. Mudù tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kì í kọ̀ láti wọn ẹ̀wà. Ó ń wọn ọ́n, ó ń kún, ó ń gbé orí sókè gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, irọ́ ló sì ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ bàìbàì ṣe máa ń ya àwòrán, àwòrán náà á sì jáde. Ẹni tó bá wá tìtorí àwòrán bẹ́ẹ̀ yan ibi tí ọkọ̀ mìíràn máa balẹ̀ sí lọ́jọ́ iwájú, tó bá forí sọ àpáta, ta ni ó jẹ̀bi? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ 84 yẹn kì í ṣe ìlọ́ra. Wọ́n ń wádìí ẹlẹ́rìí kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù ni.

Nínú ìwádìí náà, wọ́n rí àbùkù kan. Ẹ̀rọ laser tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìtànṣán márùn-ún ló ń ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí á sì máa dúró de kí wọ́n padà. Lójú ọ̀sán òṣùpá, ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá wọ apá ibi tí ilẹ̀ ti ṣú, òtútù burúkú á mú kí ìbora tí wọ́n fi wé ẹ̀rọ náà sunkì, á fa ojú tó ń ta ìtànṣán kúrò ní ọ̀gangan ojú tó ń gbà á. Nínú márùn-ún, méjì péré ló ń rí ọ̀nà padà wálé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò lè gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọn kò sì bò ó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kà, wọ́n sì ṣètò iṣẹ́ wọn ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe. Ẹ̀rọ alábùkù yìí ti wọn gíga ilẹ̀ òṣùpá ní ibi tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún ọkọ̀ náà pé kó fi wá ibi tí ènìyàn lè balẹ̀ sí. Ó ti lo ju ọdún 15 lọ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á ní: ọmọ Yorùbá kì í tú àṣírí. Òótọ́ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a fi aṣọ bo ara wa. Àdúrà tí a máa ń ṣe àmín sí jù ni pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Bí àlejò bá dé tí oúnjẹ kò tó, ìyá ilé á ní òun ti jẹun. N kò ní bú àṣà yìí láéláé, nítorí pé ó ti gba ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ ìtìjú ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ sí i. Àṣírí ènìyàn ni a ní kí a bò, kí ẹni náà lè rí ojú gbé. Àṣírí kànga, àṣírí afárá, àṣírí oògùn, ta ni à ń bò ó fún? Kànga kò ní ojú tí ìtìjú lè tì. Ẹni tí a ń bò níbẹ̀ ni ẹni tó gba owó iṣẹ́, ẹni tí ìyà rẹ̀ sì máa jẹ ni ẹni tó ń bọ̀ wá pọn omi.

N kò sọ̀rọ̀ kànga lásán. Láàárín ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ọba, mo wà nítòsí nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan sí abúlé kan ní ẹ̀yìn ìlú. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà tàbí ibẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ilé iṣẹ́ kan. Ẹnjiníà tó ń bójú tó o jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, àgbàlagbà ni, gbogbo wa ń pè é ní Bàbá. Òfin ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi kànga náà tọ̀sán tòru, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà gòkè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti lọ sílẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, kò tíì padà sí ibi tó wà. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kànga yìí kò lè bọ́ ẹ̀rọ oníná àti táǹkì ńlá. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí àwọn ènìyàn ńlá wá ṣí i. Wọ́n ti tẹ ìwé ìpè.

Agbaṣẹ́ṣe wá bá a ní ọ́fíìsì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, bí ayẹyẹ bá ti parí, màá padà lọ gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ sí i."

Bàbá ní, "Àbúrò, ta ló máa fún ẹ lówó láti padà lọ gbẹ́ kànga tí wọ́n ti ṣí?"

Ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, mọ́tò agbómi wá, ó rọ omi kún táǹkì òkè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú jáde yàà. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú rẹ̀, àwọn ìyá arúgbó ń sure. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ó sì dùn ún wò. Ní ọjọ́ kẹta, táǹkì gbẹ. Àwọn obìnrin tún gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n padà sí odò, àwọn mẹ́rúwà sì fi owó lé omi wọn. Wọ́n gbé Bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pápá, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ ibi tí a ń kó ẹrù ọ́fíìsì sí. Èyí tó dùn mí jù ni pé, nígbà tí àwọn ará abúlé gbọ́ pé ẹnì kan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé omi kò ní tó, àwọn kan ní ẹnu burúkú rẹ̀ ló ba kànga àwọn jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà náà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Oṣù Kejìlá la wà. Bí wọn kò bá ná owó yẹn kí ọdún tó parí, yóò padà sí àpò ìjọba. Abúlé yẹn kò ní rí kànga, kò ní rí nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe pé Bàbá fẹ́ fi òtítọ́ pa wọ́n lóǹgbẹ ni?" Ọ̀pọ̀ wa tí a wà níbẹ̀ mi orí. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ọba rí mọ̀ pé ohun tó sọ kì í ṣe irọ́. Nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹni tó dúró ti ìwọ̀n ni olóore, àbí ẹni tó dọ́gbọ́n sí i kí nǹkan díẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtàn ẹ̀rọ laser yẹn ló jẹ́ kí n rí ibi tí àṣìṣe inú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi wà. Ó rò pé ìdáhùn méjì péré ni ìdánwò lè fún wa, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá kò sọ pé kànga yẹn kò dára. Ohun tó kọ ni pé kò lè bọ́ ẹ̀rọ oníná. Kànga tí omi rẹ̀ kò pọ̀ tó fún ẹ̀rọ oníná lè tó dáadáa fún ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ fà, irú èyí tí àwọn ọmọ máa ń rọ̀ mọ́. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti táǹkì àti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n lè gbé e síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, kí wọ́n sì jó. Ìdánwò ti sọ ìwọ̀n ẹrù tí kànga náà lè rù. Àwọn tó yára ni kò fẹ́ gbọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ fà kò yẹ agbádá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé àṣà olówó ni èyí, pé Amẹ́ríkà ló lè ṣe é. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, orílẹ̀-èdè Íńdíà, tí àwọn náà mọ ohun tí ìṣẹ́ ń jẹ́, rán ọkọ̀ tiwọn, Chandrayaan-1, lọ sí òṣùpá. Ó wọ ọ̀nà ìyíká òṣùpá ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n rí i pé ara ọkọ̀ náà ń gbóná ju bí wọ́n ti rò lọ. Ohun èlò mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ náà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè tutù, wọ́n pa àwọn ohun èlò kan, wọ́n sì ń tàn wọ́n ní ìpín ìpín, bí ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ wọn kéré ṣe máa ń pa fíríìjì kí wọ́n tó tan áyọ́ọ̀nù. Ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ kó lò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ohùn rẹ̀ já, wọn kò sì tún gbọ́ ọ mọ́. Kò pé ọdún kan. Nítorí náà, n kò ní tan yín jẹ pé ẹni tó bá dán nǹkan wò, nǹkan náà kò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù díẹ̀ tó lò yẹn, pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń lò ó, ohun èlò kan lára rẹ̀ rí àmì omi lórí ilẹ̀ òṣùpá, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Ká ní wọ́n tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ nítorí àwọn àlejò tó ń wòran ni, bóyá ni ì bá fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwa òbí ronú lé lórí. LRO máa ń yí òṣùpá ká ní nǹkan bí wákàtí méjì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá yí, ó ní àkókò tó máa ń kọjá sí ẹ̀yìn òṣùpá, níbi tí rédíò ayé kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n pè é, kò lè gbọ́. Ohun tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló máa ṣe. Àwa tí a bí ọmọ sí àjò, tí a wá ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn tàbí sí òkè òkun, ẹ̀yìn òṣùpá la ń rán wọn lọ. Ṣé a kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbé owó ọ̀sẹ̀ kan sọ́wọ́ rí, kí a wo bí wọ́n ṣe ná an? Àbí ayẹyẹ ìdágbére nìkan la ṣe? Nílé, kí a tó fi ọmọ fún ọkọ, alárinà á ti rìn dé ilé bàbá rẹ̀ àti ilé ìyá rẹ̀. Níhìn-ín, mo ti rí ibi tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdána ni ìdílé méjèèjì kọ́kọ́ rí ara wọn, tí alága ìdúró sì ti ń kọrin.

Ẹgbẹ́ wa ti fẹ́ parí gbọ̀ngàn tí à ń kọ́, kànga ẹlẹ́rọ sì wà lára iṣẹ́ náà. Mo ti bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ pé kí ọjọ́ ìṣíde má ṣe bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun ti parí. Kí a sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a fi ẹ̀rọ fa omi náà fún ọjọ́ kan àti òru kan, kí a sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á ti kà á. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti ra aṣọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa fi aṣọ náà pamọ́ sínú àpótí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní kí ó ṣá.